Àjèjì Mẹ́rin Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá

Ayétòrò,
Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kejì, 2025.

Jibril ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Dọ́hà níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé oòrùn ibẹ̀ kò tíì sọ ọ́ di èédú? Gbogbo ilé ń kí ọ. Roheemat àbúrò rẹ ní bàtà tí o fi ránṣẹ́ kò gba òun lẹ́sẹ̀, ó ní o rò pé òun ṣì wà ní kíláàsì kẹta. Ìka méjì ni mo fi ń tẹ lẹ́tà yìí, nítorí náà fara balẹ̀ kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lánàá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ló ń gbé e, obìnrin kan sì ń fi Faransé dá mi lóhùn títí owó orí fóònù mi fi tán.

Ẹ̀rù ń bà mí, Jibril, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ti láàbù pa láti lọ kírun. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí kí n tó rántí pé mo gbàgbé awò ojú mi, mo bá padà. Mo ṣílẹ̀kùn, kò sí ẹnì kankan nínú láàbù, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ńlá tí o gbé sí yàrá ẹ̀yìn ń mí hẹlẹhẹlẹ, iná kékeré ara rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú láìdúró, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń ṣe tí ẹnìkan bá jókòó tì í tó ń ṣiṣẹ́. Mo pariwo pé, “Ta nìyẹn?” Àṣé ẹ̀rọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. N kò lè padà lọ kírun mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní láàbù ní ìlú mìíràn sọ fún mi pé àwọn olè kan gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà òun, wọ́n ti gbogbo èsì àyẹ̀wò pa, kò sì rí ẹyọ kan ṣí títí di òní. Tó bá jẹ́ pé èsì ibà nìkan ni wọn yóò kó, n kò ní sọ̀rọ̀. Suliat ìyàwó rẹ ni mo ń rò. O mọ̀ pé dókítà ní ibi ọmọ sùn sí ìsàlẹ̀, ó sì dí ọ̀nà tí ọmọ máa gbà jáde. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un ní ìparí oṣù Kẹta, ẹ̀jẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya lára rẹ̀ nígbàkúùgbà kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni O nẹ́gétíìfù. Ọmọ oníláàbù ni ọ́, o mọ ohun tí mo ń wí: irú tirẹ̀ nìkan ni ara rẹ̀ lè gbà, irú rẹ̀ kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Dókítà ní kí á ní ẹni mẹ́ta nílẹ̀ tó máa dìde lọ́jọ́ tí a bá ránṣẹ́ pè wọ́n. Suliat fúnra rẹ̀ ló ṣètò kíkó orúkọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ jọ, láti Agosasa títí dé Ìlárá, inú kọ̀ǹpútà yẹn ló sì kó wọn sí.

Ó ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn, orí ìdùbúlẹ̀ ló wà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà á. Nítorí náà n kò sọ fún un. Kọ ohun tí màá ṣe ránṣẹ́. Má pe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fún mi lórí fóònù, ojú mi ló lè mú un, etí mi kò mọ̀ ọ́n.

Mo ti fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà náà, bí ẹni pé kò ní rí mi.

Bàbá rẹ tí kò rí oorun sùn,
Husain Bàrúwà.


Dọ́hà,
Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kejì, 2025.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ẹ kú àmójútó ilé, ẹ sì kú àmójútó Suliat. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Roheemat, màá wá bàtà mìíràn.

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín kò jẹ́ kí n lè jẹun. Kí n tó kúrò nílé, mo la ọ̀nà kan sínú kọ̀ǹpútà yẹn, kí n lè máa ti ibí wọlé wá tún un ṣe. Láti oṣù Kẹwàá ni ilé iṣẹ́ wa ti dí ọ̀nà náà ní òpin tèmi, n kò lè gbà á mọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan yàtọ̀ sí èmi. Tí ẹnìkan bá ń wọlé, a jẹ́ pé ó jí kọ́kọ́rọ́ náà ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fèrèsé dúdú kan máa yọ. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹ máa fi máósì tẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ẹ máa kọ sí i, ẹ máa tẹ Enter, òun náà á sì dá yín lóhùn. Ẹ mú un bí akọ̀wé kan tó yára, tó gbọ́n, àmọ́ tí kì í bi yín bóyá ohun tí ẹ sọ dá yín lójú. Ohun tí ẹ bá ti ní kó ṣe ló máa ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ kọ èyí sí i:

who

Ó máa sọ ẹni tó wà nínú kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú yẹn. Lẹ́yìn náà:

last

Ìyẹn máa to àwọn tó ti wọlé tí wọ́n sì ti jáde, pẹ̀lú ọjọ́ àti agogo. Èyí tó kẹ́yìn ni:

ls /home

Ìyẹn máa fi yàrá olúkúlùkù hàn yín, torí ẹnikẹ́ni tó bá ní orúkọ nínú kọ̀ǹpútà ló ní yàrá tó ń kó ẹrù rẹ̀ sí. Ẹni mẹ́ta péré ni mo dá sílẹ̀: ẹ̀yin ni hbr, èmi ni jbr, Suliat ni sbr. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni mo fún wa, bí ẹ ṣe máa ń fi àmì òṣìṣẹ́ sára ìgò ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹnì kẹrin, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Suliat gbọ́. Ẹ má sọ fún Roheemat náà, ẹ mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í dúró.

Èmi ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ wà nílé,
Jibril.


Ayétòrò,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta, 2025.

Jibril,

A gba ààwẹ̀ lónìí. Kí Ọlọ́run bá wa gbà á.

Mo ti bá akọ̀wé rẹ sọ̀rọ̀. Ó dá mi lóhùn, ìdáhùn náà kò sì dùn mọ́ mi. Lánàá, mo díbọ́n pé mo ń lọ kírun, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo jókòó sínú òkùnkùn yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú awò ojú mi. Nígbà tó di agogo méjì kù ogún ìṣẹ́jú, iná ara kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo kọ who. Orúkọ kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tèmi. Ọmọ yìí, mo ti fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tó ń kú lọ, ọwọ́ mi kò ṣìnà. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣi last kọ. Ẹnìkan wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi, n kò rí i, n kò gbọ́ mímí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń tú ẹrù mi wò.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ látinú last nìyí:

efj, 13:41 sí 13:52
opl, 13:53 sí 14:05
agt, 14:06 sí 14:20
adu, 14:21 sí 15:02

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo Jímọ̀ láti oṣù Kìíní, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn wọlé bí ẹni tó tò sórí ìlà. Adu yìí ló máa ń pẹ́ jù. Yàrá méje sì ni ls kà fún mi, mẹ́ta tìrẹ àti mẹ́rin tiwọn.

Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni pé wọ́n mọ àkókò Jímọ̀ wa. Ẹni tó bá wà ní òkè òkun ta ni yóò sọ fún un pé láàbù Bàrúwà máa ń tì lágogo kan? Láti àná, gbogbo ẹni tó bá kí mi ládùúgbò ni mò ń wò tìfuratìfura. Mo tilẹ̀ wo lèmọ́mù bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì mí.

Mo ń retí rẹ.

Bàbá rẹ.


Dọ́hà,
Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀. Ẹ má bínú pé n kò kí yín pẹ́.

N kò mọ ìkankan nínú àwọn mẹ́rin yẹn. Bí àwọn olè wọ̀nyí ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn: orúkọ kúkúrú, kí ẹni tó bá rí i lè rò pé ti ẹ̀rọ ni. Wọ́n á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n á mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, lọ́jọ́ kan wọ́n á ti gbogbo rẹ̀ pa. Mo ti rí i níbi iṣẹ́. Àwọn èèyàn ńlá ni mo rí tí wọ́n ń sunkún níwájú kọ̀ǹpútà. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ya lára Suliat ńkọ́? Mo ń rò ó, òógùn ń bò mí nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà.

A máa lé wọn jáde kí Jímọ̀ mìíràn tó dé. Ẹ ṣí fèrèsé dúdú, kí ẹ kọ èyí:

sudo userdel -r efj

Sudo ni pé ẹ ń fi agbára ọ̀gá pàṣẹ, á bi yín ní pásíwọ́ọ̀dù. Userdel ni pé kí ó yọ ẹni náà kúrò. Lẹ́tà r yẹn ló ní kí ó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ dànù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ṣe é fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má ṣí yàrá wọn wò rárá, Bàbá, wọ́n lè ti dẹ nǹkan síbẹ̀ dè yín. Ẹ sì wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dáadáa kí ẹ tó tẹ Enter, nítorí kò sí agbọ̀n ìdọ̀tí tí a ó ti lọ ṣà á padà.

Tí ẹ bá parí, ẹ kọ passwd, kí ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù tuntun sí i. Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èsì àwọn aláìsàn ṣì wà ní ipò wọn:

grep -rl "MALARIA" /esi

Grep máa ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo fáìlì, á sì to orúkọ ibi tó bá ti rí i. Ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tí ẹ bá fi sáàárín àmì yẹn ló máa wá. Tí ó bá to nǹkan tó pọ̀ jáde, ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹ wá yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ má dá a padà àfi tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí mi.

Nǹkan kan ṣì wà. Láti ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí, wọ́n ń gbé wa lọ sí gbọ̀ngàn ẹ̀rọ tuntun kan nínú aṣálẹ̀. Ẹnu géètì ni wọ́n ti ń gba fóònù lọ́wọ́ wa, ọjọ́ mẹ́wàá la ó lò. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọn kò gbà. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ Suliat kò tíì ní pé nígbà náà, ó dùn mọ́ mi nínú bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín,
Jibril.


Ayétòrò,
Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta, 2025.

Jibril ọmọ mi,

Mo ti lé wọn jáde.

Mo kírun rákáà méjì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni ń ka nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀. Efj lọ, opl lọ, agt lọ. Adu ló já mi láyà, nítorí ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dáhùn. Ẹrù rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Mo dúró, mo ń làágùn, mo rò pé yóò bá mi jà. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ fi ààyè òfìfo hàn mí, kò sọ nǹkan kan. Gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí, kò bi mí bóyá ó dá mi lójú.

Mo wá ibà. Grep to o títí ojú fi ń ro mí. Èsì ọdún mọ́kànlá wà ní pípé. Mo yọ wáyà.

Roheemat wọlé bá mi níbi tí mo ti ń ṣe é. Ó ní kí ni mò ń ṣe nínú fèrèsé dúdú tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun máa ń lò, ṣé kí òun pè é kí ó wá ràn mí lọ́wọ́ lórí fóònù. Mo ní tó bá gbé fóònù pe Suliat, èmi àti òun ni. Mo ní kó sọ fún un pé kò sí iná ní Ayétòrò tó bá béèrè ohunkóhun. Ó kùn lọ.

Mo rí oorun sùn lálẹ́ àná fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ sí aṣálẹ̀ rẹ ní àlàáfíà. Má gbàgbé láti jẹ sààrì dáadáa, mo mọ ìwà rẹ.

Bàbá rẹ tó ti sùn,
Husain Bàrúwà.


Ayétòrò,
Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta, 2025. Agogo mẹ́wàá àárọ̀.

Jibril,

Mo mọ̀ pé wọ́n ti gba fóònù rẹ. Mo ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí màá ṣe.

Ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya lára Suliat láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e wọ mọ́tò láti Òkè-Ọ̀dàn, wọ́n ti wà ní ọsibítù ní Ìlaro. Dókítà pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn kò lè dúró di ìparí oṣù, òní ni, kò sì sí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó ní kí n kó àwọn èèyàn mi wá.

Mo jókòó sí kọ̀ǹpútà láti wá orúkọ wọn. Mo wọ yàrá Suliat, sbr. Ìwé iṣẹ́ láàbù nìkan ló wà níbẹ̀. Mo wọ tèmi, mo wọ tìrẹ. Mo kọ ls títí ọwọ́ mi fi kú. Kò sí orúkọ ẹnì kankan. Ṣé àwọn olè yẹn ti kó o kí n tó lé wọn ni? Ibo ló kó o sí, Jibril? Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yìí, ibo ló kó o sí?


Ayétòrò,
Ọjọ́ kan náà. Agogo mọ́kànlá ààbọ̀.

Jibril,

Èmi ni mo pa á rẹ́.

Roheemat bá mi níbi tí mo gbé orí lé tábìlì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àwọn orúkọ mẹ́rin, àṣẹ tí o kọ́ mi, gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo pe efj, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, “Bàbá, èmi ni Eyínfúnjowó.”

Ìyàwó rẹ kì í pe àwọn ọmọ ilé yìí lórúkọ. Orúkọ tí ìyàwó ilé máa ń fún ará ilé ọkọ ló fún kálukú, bí ìyá rẹ náà ṣe ṣe nígbà ayé rẹ̀, tí kò pe àbúrò mi ní orúkọ rẹ̀ títí ó fi kú. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé mo mọ̀ pé ó lè kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ? Eyínfúnjowó ni Roheemat, òun ló lọ kó orúkọ ní Agosasa. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Toyibat ọmọ àbúrò mi ní Ìlárá. Agùntáṣọọ́lò ni Àṣíáwù ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìlaro. Orúkọ tí olúkúlùkù bá kó wá, yàrá ẹni náà ni Suliat ń kó o sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọlé láti Òkè-Ọ̀dàn ní àsìkò Jímọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lo ẹ̀rọ, kí ó lè tún nọ́ńbà fóònù wọn ṣe.

Adúmáradán ni ìwọ.

Mo pè é ní ọsibítù. Ìyá rẹ̀ ló gbé fóònù, ó ní kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Roheemat rántí ojú àwọn tó kọ sílẹ̀ ní Agosasa, kò rántí nọ́ńbà ẹyọ ẹnì kan. Toyibat àti Àṣíáwù náà ti fi ìwé tiwọn lé Suliat lọ́wọ́, wọn kò ní ẹ̀dà.

Àwa méjèèjì, Jibril. A kò fẹ́ kí ẹ̀rù bà á.


Ìlaro,
Ọjọ́ kan náà. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Jibril,

Fóònù Roheemat ni mo fi ń kọ èyí ní iwájú ilẹ̀kùn tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ.

Nígbà tí mo kọ lẹ́tà kejì tán, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Roheemat ló ń sunkún. Ó wá bọ́ sí mi lọ́kàn pé ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará agbègbè yìí wò, mo sì ń kọ irú rẹ̀ sínú èsì kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí fèrèsé dúdú, mo kọ ọ́ bí o ṣe kọ ọ́ fún mi, àfi ọ̀rọ̀ àárín:

grep -rl "O NEG" /esi

Ó to èèyàn mẹ́tàdínlógójì. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi kò gbà mí láyè láti fi èsì àṣírí ẹni pe ẹni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́. Mo pè wọ́n. Tí wọ́n bá fẹ́ bi mí, màá jẹ́jọ́.

Àwọn mìíràn ti kú. Àwọn mìíràn ti di arúgbó. Obìnrin méjì lóyún. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án kò lọ, ọkùnrin kan sì bú mi pé ta ló sọ irú ẹ̀jẹ̀ òun fún mi, kò jẹ̀bi. Ọ̀gbẹ́ni Adéwùnmí, olùkọ́ kan ní pólì níbí, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kúrò ní iwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó sì ti dé ọsibítù kí èmi tó kúrò ní Ayétòrò. Ẹnì kejì ni Hùmúàní, ìyá olóògì kan ní Agosasa. Ó gun ọ̀kadà wá. Mo rántí pé ó ń gbààwẹ̀, mo ní kó kọ́kọ́ jẹun. Ó na apá rẹ̀ sí mi, ó ní, “Alájì, èmi ni mo gbààwẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi kò gbààwẹ̀. Ẹ fà á.” Ó mu omi kí ojú mi tó kúrò lára rẹ̀, ó ní òun máa san ààwẹ̀ náà padà lẹ́yìn ọdún Ìtúnu.

Èmi ni mo yẹ ẹ̀jẹ̀ méjèèjì wò, n kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ó dára. Ó bá tirẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n méjì ni, Jibril. Mẹ́ta ni dókítà béèrè. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó wo ojú mi, ó ní àwọn kò lè dúró mọ́.

Ó tó wákàtí kan tí wọ́n ti gbé e wọlé. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó sáré kọjá, kò wò wá lójú. N kò mọ̀. N kò mọ ohun tí màá sọ fún ọ.


Dọ́hà,
Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá fóònù padà fún mi. Mo jókòó sórí iyanrìn ní ẹnu géètì, mo ti ka lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti pé ọjọ́ méje tí ẹ kọ èyí tó kẹ́yìn. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ó ń dún, ẹ kò gbé e. Mo pe Roheemat, ó ń dún, kò gbé e. Mo pe Àǹtí Àṣíáwù. Mo pe fóònù Suliat fúnra rẹ̀, ó dún títí ó fi dákẹ́. Ẹni mẹ́rin kì í gbàgbé fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá, tí ẹ bá ń wá bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún mi, ẹ má wá a mọ́. Ẹ kàn sọ ọ́.

Èmi ni mo ní kí ẹ má ṣí yàrá wọn wò. Èmi ni mo ní kí ẹ má sọ fún un. Ẹ̀yin kò ṣe nǹkan kan ju pé ẹ gbọ́ràn sí ọmọ yín lẹ́nu. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí mi, ohunkóhun tó bá jẹ́.

Jibril.


Ayétòrò,
Ọjọ́ Jímọ̀, 21 Oṣù Kẹta, 2025.

Adúmáradán mi,

Ẹ kú iṣẹ́ aṣálẹ̀ o, ẹ sì kú ààwẹ̀.

Mo wà láàyè. Ọmọ wà láàyè, obìnrin ni, Sẹ̀kínát ni wọ́n sọ ọ́ lánàá. Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí ọkàn yín lè balẹ̀, nítorí ìyókù lẹ́tà yìí kò dùn.

A rí ìpè yín lánàá, gbogbo rẹ̀. Ìkómọ là ń ṣe lọ́wọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gbé e. Bàbá fẹ́ gbé e, mo bẹ̀ wọ́n pé ìdáhùn yìí tèmi ni, ẹ̀yin náà kò ní kú láàárín alẹ́ kan. Ìkà ni mo fi ṣe, n kò parọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí tí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí gbogbo ilé sì panu mọ́.

Ní Jímọ̀ ọjọ́ keje, mo gbìyànjú láti wọlé, ọ̀nà ti dí. Mo pe Eyínfúnjowó, ó ní kò sí iná. Mo gbọ́ fáànù tó ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi, mo sì rò pé ẹ̀yin lẹ ti kú síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi gbé èrò yẹn lórí ìdùbúlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó ya. Ìyẹn ni ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ẹ ṣètò fún mi.

Ẹ ní ẹnikẹ́ni kò ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà náà. Inú fóònù àtijọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi ló wà. Ẹ rò pé mò ń fi pe ìyá mi ni. Mo ti ka gbogbo ìwé àlàyé tó wà nínú fèrèsé dúdú yẹn tán, mo dá àwọn orúkọ sílẹ̀ fúnra mi, mo ń tọ́jú ẹ̀rọ náà láti ìgbà tí ọwọ́ yín kò ti tó o mọ́. Oṣù márùn-ún. Ẹ kò béèrè lọ́jọ́ kan pé, ta ló ń bá mi tún un ṣe?

Bàbá ti sọ fún yín ohun tó wà nínú yàrá mẹ́ta. Wọn kò mọ ti ẹnì kẹrin, tiyín, èyí tó pẹ́ kí ó tó pa rẹ́. Tí mo bá ti parí iṣẹ́ orúkọ ní Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí mo ń kọ̀wé sí yín. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré la fi gbé pọ̀ kí ẹ tó lọ, ojú ń tì mí láti fi wọ́n ránṣẹ́. Mo kọ ọjọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ yí nínú mi. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún un tí n kò bá là á já. Mo kọ pé ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sọ ìyẹn fún ẹlòmíràn, kódà ìyá mi. Mo fẹ́ ṣí yàrá náà fún yín tí ẹ bá dé. N kò lè tún wọn kọ. Mo ti gbìyànjú láàárọ̀ yìí, ohun tó ń jáde kì í ṣe wọ́n.

N kò bínú sí Bàbá. Wọ́n fi iṣẹ́ tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù lọ láyé wewu nítorí mi, wọ́n sì lọ sí Agosasa fúnra wọn láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Hùmúàní. Ẹ̀yin ni mò ń bínú sí. Ẹ rí orúkọ mẹ́rin tí ẹ kò mọ̀ nínú ilé tí mo wà, ẹ ronú kan olè, ẹ ronú kan ará àdúgbò, ẹ tilẹ̀ jẹ́ kí Bàbá ronú kan lèmọ́mù. Èmi tí mo ń tọ́jú ẹ̀rọ ni ẹ kò ronú kàn. Ìbéèrè kan péré ni, ǹ bá sì rẹ́rìn-ín títí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so wá pọ̀ n kò pe orúkọ yín rí, n kò sì kọ ọ́ rí. Mo fẹ́ kọ ọ́ lónìí. Bàbá jókòó tì mí pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà, wọn kò sọ pé kí n má kọ ọ́.

Jibril. Tí ẹ̀rù bá tún bà ọ́, èmi ni kí o kọ́kọ́ bi.

Suliat.